Ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ kò yẹ̀, hóró òògùn ń yẹ̀: Ẹ̀kọ́ tí gíláàsì ní fún àwọn tó ń ṣọ́ òògùn

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Nàìjíríà ti àwọn ọjà òògùn ńlá mẹ́ta pa: ti Ìdúmọ̀tà ní Èkó, ti Onitsha ní ìpínlẹ̀ Anambra, àti ti Aba ní ìpínlẹ̀ Abia. Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu àwọn ènìyàn kan nígbà náà ni ti ayédèrú òògùn àti òògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ayédèrú òògùn ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Irú òògùn kan wà tí kì í ṣe ayédèrú, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, síbẹ̀ tí kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ nínú ara aláìsàn, nítorí pé ó ti pẹ́ jù nínú ooru àti ọ̀rinrin. Ọ̀nà tí irú òògùn bẹ́ẹ̀ gbà ń bàjẹ́ kì í sábà jẹyọ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe òfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó lè tú àṣírí rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́ tán.

Láti lóye ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní gíláàsì. Kì í ṣe dígí ojú fèrèsé tàbí ìgò ọtí nìkan. Ohun líle tó wá láti inú ohun tó ń ṣàn, tí àwọn mólékù rẹ̀ kò sì ráyè tò lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n tó dúró, ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Nínú hóró iyọ̀, àwọn átọ̀mù tò bí ọmọ ogun lórí pápá: ẹni tó bá mọ ipò ọ̀kan ti mọ ipò ẹgbẹ̀rún. Inú gíláàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ dà bí ọjà tí èrò kún fọ́fọ́ ní ọ̀sán gangan, tí gbogbo wọn wá dúró gbagidi níbi tí kálukú wà. Bí ènìyàn bá yọ́ ṣúgà lórí iná, tí ó sì jẹ́ kí ó tètè tutù, ohun tó máa dì kì í ṣe hóró ṣúgà mọ́, bí kò ṣe súìtì líle tó ń dán. Gíláàsì ni súìtì náà. Gíláàsì ni ọ̀pọ̀ ike líle. Gíláàsì ni apá kan nínú mílíìkì oníyẹ̀fun. Gíláàsì sì ni àwọn òògùn òde òní mélòó kan.

Ohun tó yani lẹ́nu nípa gíláàsì ni pé ìrìn inú rẹ̀ kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí omi bá di yìnyín. Bí ó ṣe ń tutù ni àwọn mólékù rẹ̀ ń lọ́ra sí i, títí yóò fi dé ibi tí wọ́n máa nílò nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú àáyá kí wọ́n tó lè yí ìdúró wọn padà. Ìwọ̀n ooru tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ni ó yẹ kí á pè ní ẹnu ọ̀nà gíláàsì. Lókè rẹ̀, ohun náà rọ̀ tàbí kí ó máa ṣàn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó le. Ẹnu ọ̀nà yìí yàtọ̀ láti ohun kan sí èkejì. Ti dígí fèrèsé sún mọ́ 550°C. Ti ike polystyrene sún mọ́ 100°C. Títí dòní, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ìdí tí ìlọ́ra náà fi ń pọ̀ lọ́nà tó gadabú bẹ́ẹ̀. Philip Anderson, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1977, kọ̀wé ní ọdún 1995 pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ gíláàsì jẹ́ èyí tó jinlẹ̀ jù lọ nínú àwọn ìṣòro tó kù láti yanjú nípa ohun líle.

Àìmọ̀ yìí ti bí ìtàn oríṣiríṣi. Ìtàn kan gbilẹ̀ pé dígí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Yúróòpù nípọn nísàlẹ̀ ju òkè lọ nítorí pé ó ti ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún wá. Edgar Zanotto, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti São Carlos ní Brazil, ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1998. Ó fi hàn pé àkókò tí irú dígí bẹ́ẹ̀ máa lò kí ó tó ṣàn dé ibi tí ojú lè rí i ju ọjọ́ orí àgbáyé fúnra rẹ̀ lọ. Ọwọ́ àwọn tó ṣe dígí náà ni kò dọ́gba. Dígí kò ṣàn rárá.

Ẹ̀rí tó sún mọ́lé jùyẹn lọ wà ní Ilé-Ifẹ̀. Leo Frobenius ará Jámánì, tó dé ibẹ̀ ní ọdún 1910, ròyìn àwọn ìkòkò ìyọ́ gíláàsì tí wọ́n ń hú jáde níbẹ̀. Ìwádìí tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Igbó Olókun ti fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fi ohun èlò àdúgbò wọn ṣe gíláàsì tiwọn láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, gíláàsì tí èròjà lime àti alumina pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti àwọn ilẹ̀ mìíràn lọ. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà sì wà títí dòní pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ilẹ̀ olóòru àti òjò. Kí ló dè tí kò yẹ̀? Ìdí náà kò ṣòro: ẹnu ọ̀nà gíláàsì rẹ̀ fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígírì ga ju ooru ọ̀sán tó mú jù lọ. Oòrùn kò lè jí àwọn átọ̀mù inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ti òògùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà ìwòsàn tí wọ́n ń ṣàwárí lóde òní kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Bí aláìsàn bá gbé wọn mì ní hóró tó tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n lè gba inú rẹ̀ kọjá láì wọ ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ọgbọ́n tí àwọn apòògùn dá ni láti sọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ di gíláàsì, nítorí mólékù tí kò tò rọrùn láti tú ká ju èyí tó di ara rẹ̀ mú lọ. Ọgbọ́n yìí ti gba ẹ̀mí là. Nígbà tí òògùn Kaletra tó ń kojú kòkòrò HIV kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2000, inú fíríìjì ni kápúsù rẹ̀ ní láti máa gbé. Ní ọdún 2005 ni wọ́n gba hóró tuntun wọlé ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ooru pò mọ́ irú ike kan tó ń di àwọn mólékù òògùn náà mú nínú gíláàsì. Hóró yìí kò nílò fíríìjì mọ́. Ẹni tó mọ bí iná ọba ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yóò mọ ohun tí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún aláìsàn tó ń gbé ní ìgbèríko ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gíláàsì òògùn kò jìnnà sí ooru ojoojúmọ́ bí ti ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀. Ti indomethacin, òògùn ìrora tí àwọn olùwádìí ti yẹ̀ wò lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, jẹ́ nǹkan bí 42°C. Inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ apòògùn ń tẹ̀ lé ni pé kí ibi ìpamọ́ òògùn gíláàsì fi nǹkan bí 50 dígírì tutù ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ kí ọkàn tó lè balẹ̀. Ọ̀rinrin sì tún ń dá kún un. Omi tó bá wọ inú gíláàsì máa ń la àárín àwọn mólékù kọjá, á sì fa ẹnu ọ̀nà náà wálẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ní àsìkò òjò di òkúta, nígbà tí èyí tí wọ́n ṣí nígbà ọyẹ́ ṣì ń dà gẹ́rẹ́. Ìyàwó ilé mọ ìyàtọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́; orúkọ nìkan ni sáyẹ́ǹsì fún un.

Bí àwọn mólékù òògùn bá ti rí àyè rìn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Bí wọ́n bá tò tán, òògùn náà á padà di ohun tí kì í yòrò. Ìwọ̀n èròjà inú rẹ̀ kò dín, àwọ̀ rẹ̀ lè má yí padà, àyẹ̀wò tó kàn ń ka iye èròjà yóò sì jẹ́rìí pé ó péye. Ara aláìsàn nìkan ni yóò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àgbáyé ti rí ohun tó jọ èyí rí. Ní ọdún 1998, mólékù ritonavir, òògùn HIV tí ilé iṣẹ́ Abbott ń ṣe, tò lọ́nà tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò retí nínú kápúsù rẹ̀. Ìtò tuntun náà le láti yòrò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ilé iṣẹ́ náà sì ní láti kó kápúsù ọ̀hún kúrò lọ́jà. Bí irú rẹ̀ bá lè bá ilé iṣẹ́ tó ní gbogbo ohun èlò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tó ń wò?

Kí ni ènìyàn lè fi wo ìrìn mólékù? Ìtànṣán X-ray máa ń fi hàn bóyá àwọn mólékù ti tò tàbí wọn kò tíì tò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n tò tán ti pẹ́ jù. Ohun tó yẹ kó wò ni ìrìn tó ṣáájú ìtò. Ìmọ̀ tó ń wo ìrìn yìí ni NMR. Isidor Rabi rí i nínú ìtànṣán mólékù ní ọdún 1938. Ẹgbẹ́ Edward Purcell rí i nínú ìda paraffin ní ìparí ọdún 1945, ẹgbẹ́ Felix Bloch sì rí i nínú omi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1946. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1952. Ẹ̀rọ MRI tí ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán ọpọlọ, ọmọ ìyá NMR ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ju òye lọ. Kókó inú átọ̀mù háídrójìn dà bí òòfà kékeré. Bí wọ́n bá gbé e sínú òòfà ńlá, á máa yí bí òkòtó tí ọmọdé ta. Nínú òòfà tó lágbára tó 9.4 tesla, á yí nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn onímọ̀ á fi ìgbì rédíò ta á nídìí, wọn á sì tẹ́tí sí ìdáhùn rẹ̀. Bí mólékù tó ru òkòtó náà bá ń yára yí kiri, ohùn tó máa wá á dún tín-ín-rín, á sì dá yàtọ̀. Bí ó bá dúró gbagidi, ohùn náà á fẹ̀, á sì rú. Àkókò tí òkòtó náà lò kí ó tó padà sí ìdúró rẹ̀ tún ń sọ bí àyíká rẹ̀ ṣe ń mì tó. Wọn kò fọ́ òògùn náà, wọn kò sì pò ó mọ́ omi; bí ó ṣe wà nínú gíláàsì rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

Ní ìlú Mainz ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ní ilé ìwádìí Max Planck fún ìmọ̀ pólímà, Hans Wolfgang Spiess àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọgbọ́n yìí dé ibi gíga. Wọ́n á béèrè ibi tí mólékù kọjú sí, wọn á dákẹ́ díẹ̀, wọn á sì tún béèrè. Bí ìdáhùn méjèèjì bá yàtọ̀, mólékù náà ti yí. Ní ọdún 1991, Klaus Schmidt-Rohr àti Spiess tẹ àbájáde kan jáde lórí ike poly(vinyl acetate) lókè ẹnu ọ̀nà gíláàsì rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀yà mólékù rẹ̀ kò jọ rìn bákan náà: àwọn kan ń yára, àwọn mìíràn ń lọ́ra, àwọn tó ń lọ́ra náà kò sì wà bẹ́ẹ̀ títí, wọ́n lè di ẹni tó ń yára tó bá yá. Bíi agbo ijó ni, níbi tí àwọn kan ti ń jó kíkankíkan tí àwọn mìíràn sì jókòó, tí ipò á sì yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀kọ́ inú èyí kò pin sí yàrá ìwádìí. Ó túmọ̀ sí pé ìpíndọ́gba lè tan ènìyàn jẹ. Òògùn tí ìpíndọ́gba ìrìn rẹ̀ fi hàn pé ó dúró lè ní ibi kéékèèké nínú tí mólékù ti ń rìn, ibẹ̀ sì ni ìbàjẹ́ lè ti bẹ̀rẹ̀. Ní Japan, Sumie Yoshioka àti Yukio Aso fi ọ̀pọ̀ ọdún lo NMR láti wọn ìrìn mólékù nínú òògùn tí wọ́n fi otútù gbẹ, kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe bá ìbàjẹ́ òògùn náà tan. Irú gbígbẹ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń lò fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbà.

Àwọn kan lè sọ pé àyẹ̀wò tó wà nílẹ̀ tó. Òótọ́ ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìlànà fún ilẹ̀ olóòru tó kún fún ọ̀rinrin: kí wọ́n fi òògùn pamọ́ sí 30°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 75 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà pípẹ́, àti sí 40°C fún oṣù mẹ́fà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tètè rí àbájáde. Ìlànà rere ni. Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í rìn ní ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan. Bí ẹnu ọ̀nà òògùn kan bá bọ́ sí àárín 30°C àti 40°C, ohun tí wọ́n rí ní 40°C wá láti ìhà òkè ẹnu ọ̀nà náà, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ní 30°C sì wà ní ìhà ìsàlẹ̀. Fífi ọ̀kan ṣe òdiwọ̀n èkejì dà bí fífi bí odò ṣe ń ṣàn mọ bí yìnyín ṣe le tó. Ẹni tó bá wọn ìrìn mólékù fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ìhà tí òun wà.

Àtakò tó wúwo jùyẹn ni ti owó. Òòfà ńlá NMR ń gbé inú hílíọ̀mù tó tutù dé −269°C. Ó wọ́nwó láti rà, ó sì wọ́nwó láti bọ́. Bí wọ́n bá ti fún òòfà náà ní agbára lẹ́ẹ̀kan, kò nílò iná mànàmáná láti máa fà. Ṣùgbọ́n bí hílíọ̀mù rẹ̀ bá tán, agbára náà á lọ, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ní kí gbogbo yunifásítì ra ọ̀kan kò fẹ́ràn àpò ìjọba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gún iyán nínú odó, tí wọ́n sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. NMR kékeré wà tó ń jókòó lórí tábìlì, tó ń lo òòfà tí kò nílò hílíọ̀mù rárá. Àwọn oníṣòwò oúnjẹ ti ń lò ó tipẹ́ láti wọn epo àti omi inú èso. Kò lè ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní Mainz, ṣùgbọ́n ó lè wọn àkókò tí òkòtó háídrójìn fi ń padà sí ìdúró, èyí tó tó láti kìlọ̀ pé mólékù òògùn kan ti ń jí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ NMR di àfọ̀ṣẹ. Ìrìn mólékù kì í ṣe gbogbo ohun tó ń fa ìtò, àwọn òògùn kan sì wà tí ìrìn wọn àti ìbàjẹ́ wọn kò bára mu pátápátá. Kò lè mú ayédèrú kúrò lọ́jà, kò sì lè rọ́pò ilé ìpamọ́ tó tutù àti apòògùn olóòótọ́. Ohun tó lè ṣe ni láti fún orílẹ̀-èdè ní ojú láti rí ewu kí ó tó dé, àwọn àgbà sì ti ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e. Èkíní, kí NAFDAC béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta òògùn oní-gíláàsì ní Nàìjíríà pé kí wọ́n fi ẹnu ọ̀nà gíláàsì rẹ̀ hàn, nígbà tó gbẹ àti nígbà tó mu ọ̀rinrin. Èkejì, kí àwọn yunifásítì ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù pa owó pọ̀ ra ẹ̀rọ kékeré díẹ̀ tí wọ́n á jọ máa lò, kí wọ́n sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń tún un ṣe, nítorí ẹ̀rọ tí kò ní olùtọ́jú yóò di àpótí eruku lásán. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé iṣẹ́ òògùn ní Èkó àti Ọ̀tà rí i pé èrè tiwọn wà nínú rẹ̀: ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé òògùn òun ń dúró nínú ooru ilẹ̀ yìí lè tà á ní gbogbo ilẹ̀ olóòru.

Àwọn tó yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun kò ní NMR. Wọ́n ní iná, ìkòkò, ojú tó ń wo nǹkan dáadáa, àti sùúrù láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohun èlò wọn bí ó ṣe ń gbóná àti bí ó ṣe ń tutù. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀ṣọ́ ọba ni ìran òde òní nílò fún hóró òògùn tí ìyá ọmọ kan ń rà ní ẹ̀bá títì, tó sì gbà gbọ́ pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ṣì ni ohun tó wà nínú rẹ̀.